Ṣé Ilé Ẹyin Kan Tó Láti Fi Bímọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ni, tí àwọn ọkùnrin á sì wá ọ̀nà dìde bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dìde. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń ta ìwé kéú àti tẹ̀sùbáà ní Ògùnpa. Àna mi dé, ìyá ọkọ ọmọ mi obìnrin. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo ní kí ó dìde, mo ránṣẹ́ lọ ra omi tútù fún un. Ó mu ún tán, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní: "Ààfáà, ẹ má bínú sí mi o. Ìyàwó wa ò ṣe wá ní nǹkan kan, ọmọlúwàbí ni. Ọ̀rọ̀ kan ló kàn ń jẹ mí lọ́kàn. Ilé ẹyin kan tó ṣẹ́kù sí i nínú yẹn, ṣé ó tó láti fi bímọ ṣá?"

Kí n tó sọ èsì tí mo fún un, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi níwájú yín. Ọmọ mi náà ló fún mi láyè láti sọ ọ́, ó ní bóyá yóò gba ẹlòmíràn là.

Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ló ti ń kígbe inú rírun. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti ń bọ̀, yóò tẹ̀ bí arúgbó, yóò fi ọwọ́ di abẹ́ ìdodo mú lápá ọ̀tún. Ìyá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun ti ṣe ní kékeré, pé bó bá bímọ yóò lọ. Èmi ní tèmi, mo kọ̀wé sí wàláà, mo fọ̀ ọ́, mo fún un mu, mo sì wàásù sùúrù fún un. Ọdún méjì ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè ohun mìíràn nínú wa.

Nígbà tó di òru kan nínú oṣù Ramadan, bí a ti ń múra sáárì, a gbọ́ igbe rẹ̀. Ìrora ọjọ́ náà kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ó ń bì, òógùn tútù bò ó, kò lè na ara rẹ̀. A gbé e dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà sọ fún wa pé kókó olómi kan ló ti dàgbà lára ilé ẹyin rẹ̀ apá ọ̀tún, pé ìwọ̀n kókó náà ló mú kí ilé ẹyin yí po lórí iṣan tó so ó rọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì lè dé ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ilé ẹyin náà ti kú, wọ́n sì yọ ọ́. Dókítà náà, obìnrin ni, kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Bàbá, láti ìgbà wo ló ti ń sunkún inú?" Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò létí mi títí di òní.

Àwa ará Ògùnpa, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń jẹ́ fífi ojú kéré nǹkan. Ọmọdé ni mí nígbà omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Odò tí a ń fò kọjá, tí a ń da pàǹtírí sí, òun ló gbé ilé, tó gbé ọjà, tó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Òjò rọ̀ púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà omi ti dí kí òjò tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni inú ọmọ mi ṣe kìlọ̀ fún mi fún ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé kókó yìí bí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, tí mo sì ti kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilé ẹyin méjì ni Ọlọ́run fún obìnrin, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì ilé ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju awẹ́ obì lọ. Lóṣooṣù, àpò omi kékeré kan a máa yọ lára ọ̀kan nínú wọn, ẹyin a wà nínú rẹ̀. Bí àpò náà bá bẹ́, ẹyin yóò jáde lọ pàdé àtọ̀ ọkùnrin. Nígbà mìíràn àpò náà kò ní bẹ́, tàbí kí ó bẹ́ tán kí omi tún kún inú rẹ̀. Ìyẹn ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kókó ilé ẹyin. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í dun ènìyàn rárá, wọ́n á sì fúnra wọn lọ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti ní i rí tí wọn kò mọ̀.

Irú mìíràn wà tí kì í lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀kan wà tí a máa ń bá irun, ọ̀rá, àní eyín nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ irú rẹ̀ jáde, ariwo àjẹ́ á sọ, wọ́n á ní ìyàálé ló fi sí i. Ẹ fi ìyàálé sílẹ̀. Ẹyin tí Ọlọ́run dá láti di ènìyàn ló ní agbára àtidi irun àti eyín nínú ara rẹ̀, ó kàn ṣe é láìtọ́ ni. Òmíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ti pẹ́ ń kún inú rẹ̀, nítorí irú awọ tó yẹ kí ó wà nínú ilé ọmọ nìkan ló hù sí ìta ilé ọmọ. Èyí a máa fa inú rírun kíkankíkan, ó sì lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Àwọn obìnrin kan sì wà tí àpò kéékèèké pọ̀ lára ilé ẹyin wọn, tí ẹyin kì í jáde déédéé, tí nǹkan oṣù wọn ń fo. Oògùn wà tí ń ran irú wọn lọ́wọ́ láti lóyún. Ìju tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa, inú ilé ọmọ ni tirẹ̀ wà, ọ̀tọ̀ ni, ọ̀tọ̀ ni kókó ilé ẹyin.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1809, ní Kentucky ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n pe dókítà kan tí ń jẹ́ Ephraim McDowell sí Jane Todd Crawford, obìnrin tí gbogbo ènìyàn rò pé oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù ìbí. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò bá ọmọ níbẹ̀, ìwú ilé ẹyin ló bá. Obìnrin náà gun ẹṣin nǹkan bí 60 máìlì lọ sí ilé dókítà, wọ́n sì yọ ìwú tó wọn nǹkan bí kílò 10 láìsí oògùn tí ń múni sùn. Ó yè é, kò sì kú títí di ọdún 1842. Bí obìnrin ayé ìgbà náà bá lè gun ẹṣin lọ, kí ló dé tí tiwa kò lè wọ ọkọ̀ láti Ògùnpa dé Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, tàbí dé ọsibítù ńlá UCH tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1957? Sikáànù lásán, tí wọ́n fi ń wo inú láìfi abẹ kàn án, ló máa ń fi kókó náà hàn.

Ẹ fi àmì wọ̀nyí sọ́kàn. Bí ìrora bá dé lójijì, tó le, tó wà lápá kan inú, tí èébì bá tẹ̀ lé e. Bí ojú obìnrin bá ń ṣú tàbí tó bá dákú. Bí ibà bá bá inú rírun náà rìn. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá tètè dé, wọ́n lè tú ilé ẹyin tó yí po náà, kí ó má sì kú. Bí nǹkan oṣù bá ti fo kí ìrora tó dé, oyún lè ti dúró sí ojú ọ̀nà ẹyin dípò ilé ọmọ, èyí sì lè pa obìnrin láàárín wákàtí díẹ̀. Ìyá àgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tó wá rí i pé inú òun ń wú tàbí pé ẹ̀jẹ̀ tún ń jáde, kí òun náà yára lọ, kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Àwọn obìnrin máa ń bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní, ṣé ó tọ́ kí dókítà ọkùnrin yẹ àwọn wò? Bí obìnrin bá wà tó mọ iṣẹ́ náà, òun ló yẹ. Bí kò bá sí, àìsàn ti sọ ọ́ di tipátipá, kí ẹnìkan wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì gba ìtọ́jú. Èkejì, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kọjá ọjọ́ nǹkan oṣù ńkọ́? Fátímọ̀ ọmọ Abu Hubaysh bi Ànábì wa léèrè irú rẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé fún un pé èyí kì í ṣe nǹkan oṣù: bí iye ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé, kí ó wẹ̀, kí ó máa kírun. Ẹ̀kẹta, ààwẹ̀: aláìsàn lè jẹun, kí ó sì san án padà lẹ́yìn ìlera. Ní ti oògùn, Ànábì fúnra wọn ló gba àwọn ará oko níyànjú pé kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn, nítorí àrùn tí Ọlọ́run bá sọ̀ kalẹ̀, ó sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Àdúà kò kọ dókítà.

Nígbà tí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi dé, àwọn kan nínú ẹbí wa ní kí a má sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà. Mo kọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ìtàn ọjọ́ tí Ànábì ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ tí wọ́n ń tà, tí wọ́n bá ọ̀rinrin ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì bá olówò náà wí. Ọmọ mi kì í ṣe ọjà, ṣùgbọ́n òdodo ni ìgbéyàwó dúró lé. Mo sọ fún ọkọ, mo sọ fún àwọn òbí rẹ̀, wọ́n ní àwọn gbà bẹ́ẹ̀. Ó di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin báyìí, oyún kò tíì dé. Ìdí nìyẹn tí àna mi fi wá.

Èsì tí mo fún un rèé. Mo ní, "Ìyá wa, ó tó." Ilé ẹyin kan tó kù, bí ara rẹ̀ bá dá, yóò máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹyin yóò máa jáde. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti fi ọ̀kan bímọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ẹnu ṣèlérí ọmọ, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe ààfáà. Mo ní àwọn onímọ̀ sọ pé bí tọkọtaya bá ti ń bá ara wọn gbé fún ọdún kan gbáko láìdènà oyún, tí kò sì dé, kí wọ́n lọ fún àyẹ̀wò. Bí aya bá ti pé ọdún 35, oṣù mẹ́fà ni kí wọ́n fi wò ó. Mo ní àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ọdún 2023 pé ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́fà láyé ni ọ̀rọ̀ yìí ń kàn, nítorí náà kì í ṣe ègún ilé ẹnìkan. Mo ní ní ilẹ̀ wa, ohun tó sábà máa ń fa àìrọ́mọbí lọ́dọ̀ obìnrin ni ojú ọ̀nà ẹyin tó dí nítorí àrùn bí àtọ̀sí tí a kò tọ́jú dáadáa. Mo ní nínú nǹkan bí ìdajì ọ̀ràn náà, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, yálà lápá kan tàbí pátápátá.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n fi ń po ẹyin aya àti àtọ̀ ọkọ pọ̀ ní ìta, tí wọ́n á sì dá a padà sínú ilé ọmọ. Ọmọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀, Louise Brown, ni wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1978. Ní ọdún 1980 àwọn àgbà onímọ̀ Al-Azhar ní Íjíbítì gbà á láyè, bí ó bá jẹ́ ti ọkọ àti aya nìkan, láìsí ti ẹni ẹ̀kẹta nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò kéré, n kò ní tan yín.

Àna mi dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ààfáà, ọmọ tèmi ńkọ́, ṣé òun náà ti lọ ṣe àyẹ̀wò?"

Mo ní rárá, kò tíì lọ, ó ń tì í lójú. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní, "Ó máa lọ." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ àti aya jọ lọ. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, nítorí irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

N kò mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ ṣe. Bó ti wù ú ló ń fún ẹnìkan lọ́kùnrin, tó ń fún ẹlòmíràn lóbìnrin, tó sì ń fi àwọn kan sílẹ̀ láìbí. Àíṣátù, aya Ànábì, kò bímọ, síbẹ̀ ìyá gbogbo onígbàgbọ́ ni. Aya Ànábì Sakariyáù yàgàn di arúgbó, Ọlọ́run sì tún un ṣe, ó bí Ànábì Yáyà. Nítorí náà ẹ má fi inú tí ń run obìnrin dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá ní inú ń run òun, tí kò jẹ́ kó lọ sílé-ẹ̀kọ́ tàbí sọ́jà, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ mú un lọ.

Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kí Ọlọ́run Ọba fi ìlera fún àwọn obìnrin wa, kí ó fún àwọn tí ń wojú rẹ̀ ní ọmọ rere, kí ó sì fún àwọn tí kò bí ní ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ẹni tí yóò fẹ́ wọn dénú. Àmín.