Ẹ̀fọ́ Inú Àpò: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Tó Fẹ́ Jọ Dáko Ládùúgbò ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹni tó ń gbé Ajégúnlẹ̀, Olódì-Àpápá, Amùkòkò tàbí Àpápá, tó sì ti ń rò ó pé òun àti àwọn ará ilé òun lè máa gbin ẹ̀fọ́ díẹ̀. Ó wà fún CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), fún olùkọ́ tí ọgbà ilé-ìwé rẹ̀ ṣófo, fún ìmáàmù àti pásítọ̀ tí ẹ̀yìn ilé ìjọsìn wọn kàn ń hu koríko lásán. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ́jà Boundary mọ́. Ẹni tó bá ń retí pé àpò mẹ́wàá ni yóò máa bọ́ ìdílé òun, kó yáa mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí oko àdúgbò lè ṣe ni pé kí ewé tútù má wọ́n nínú ọbẹ̀, kí aboyún àti ọmọdé rí i jẹ déédéé, kí àwọn tó ń gbé ojú kan náà láìmọ orúkọ ara wọn sì ní nǹkan tí wọ́n jọ ń tọ́jú.

Oúnjẹ ń gba iwájú ilé wa kọjá

Láti ọdún 1926 ni ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù sí èbúté Àpápá. Ilé-iṣẹ́ Flour Mills ti ń lọ àlìkámà níbẹ̀ láti ọdún 1962. Ìrẹsì, ẹja dídì, ṣúgà, gbogbo rẹ̀ ni tírélà ń kó gba ẹnu ọ̀nà wa lọ sí ibòmíràn. Èyí tó rọrùn jù fún wa láti rà nínú rẹ̀ ni búrẹ́dì, sẹ̀mó àti Indomie. Wọ́n ń yó ni, àmọ́ ikùn tó kún kọ́ ni ara tó jẹun tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó 400 gíráàmù lóòjọ́. Iye yẹn ṣòroó dé fún ẹni tó ń ra ìdì ẹ̀fọ́ kan fún ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́dún 2024 ìjọba Èkó dá ọjà Ounje Eko sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ta oúnjẹ ní ẹ̀dínwó lọ́jọ́ Àìkú. Ìrànlọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n ewé kì í dúró de ọjọ́ Àìkú kó tó rọ.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn aboyún: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, úgù àti ewédú ní èròjà tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fún yín. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, kí ẹ sì lo oògùn yín. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tirẹ̀. Bó bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ lè máa lọ ewé tó ti jinná kúnná sínú ògì rẹ̀.

Ẹ má fọkàn tán ilẹ̀

Ibí yìí gan-an la ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù. Ẹ má gbin ohun jíjẹ sínú ilẹ̀ tí ẹ kàn bá nínú ọgbà ní Ajégúnlẹ̀ tàbí Àpápá, bó ti wù kó dúdú kó lọ́ràá tó, àfi tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò tí wọ́n sì ní kò léwu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń po òjé mọ́ epo pẹtiróòlù. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni wọ́n tó pa á tì ní Áfíríkà ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Epo náà ti lọ, òjé rẹ̀ wà nílẹ̀. Kì í jẹrà, kì í sì jóná. Ẹ wá ro ti bátìrì tí wọ́n ń tú mọ́ ọn, ti ọ̀dà àtijọ́ tó ń bó lára ògiri, ti ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ń dà sílẹ̀, ti èéfín tírélà tó máa ń tò láti Wharf títí dé Mile 2.

Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n kékeré kan tí a lè sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ó lé ní irínwó ọmọ tó kú nítorí òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé. A ò sọ pé tiwa ti burú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé sísè kì í pa òjé. Eruku tó lẹ̀ mọ́ ewé àti ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọmọ ló sábà ń gbé e wọ ẹnu, nítorí náà àwọn ewé tó ń rápálá nílẹ̀ àti ohun tí a ń wú jẹ léwu ju ilá, ata àti tòmátì lọ.

Ẹ ra ilẹ̀ tó mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó, tàbí kí ẹ jọ dáwó ra ilẹ̀ ẹ̀kún ọkọ̀ kan láti ìgbèríko. Ẹ má bu ilẹ̀ ẹ̀bá títì, ti ààtàn, tàbí èyí tí wọ́n kó jáde nínú kànáà.

Bí a ṣe ń di àpò

Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú wa. Ní Kibera, àdúgbò akúṣẹ̀ẹ́ tó kún fọ́fọ́ ní Nàìróbì, lẹ́yìn wàhálà ìdìbò tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2007, àjọ Solidarités láti ilẹ̀ Faransé kọ́ àwọn ará ibẹ̀ láti máa gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ọ̀nà náà bá ojúlé tiwa mu.

Ẹ wá àpò ìrẹsì oníkílò 50 tí kò ya. Ẹ gé agolo ńlá kan lókè nílẹ̀ kó lè lu já. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí àpò, ẹ gbé agolo náà ka àárín, ẹ rọ òkúta kún inú rẹ̀, kí ẹ wá da ilẹ̀ yí i ká. Bí ilẹ̀ bá ti dé ẹnu agolo, ẹ rọra fà á sókè; òkúta yóò dúró síbẹ̀. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí àpò á fi kún. Òpó òkúta yìí ló ń gbé omi dé ìsàlẹ̀. Láìsí i, orí àpò á máa rin, ìdí rẹ̀ á gbẹ táútáú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ dá ihò kéékèèké sí ara àpò yíká, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n tò lé ara wọn lórí, kí ẹ wá fi ọmọ ẹ̀fọ́ há a.

Ilẹ̀ ọ̀nà méjì sí ajílẹ̀ ọ̀nà kan ti dára. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, àrùn sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kó lo bí oṣù mẹ́ta.

Àpò tó kún tí a ti bomi rin wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ dáadáa. Ẹ má tò ó sórí dẹ́kì tàbí bákónì ilé àtijọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kó wà, lórí búlọ́ọ̀kù kí àgbàrá má baà wọ̀ ọ́, níbi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí márùn-ún ó kéré tán.

Omi

Gọ́tà kì í ṣe odò. A mọ̀ pé mẹ́ruwà ń gbowó, a sì mọ̀ pé omi gọ́tà ń ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́bàá àpò. Síbẹ̀, ìgbẹ́ ṣalángá wà nínú rẹ̀. Lóṣù kẹfà ọdún 2024 ni ìjọba Èkó kéde pé onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti aràn kì í tilẹ̀ dúró de ìkéde. Omi kànga púpọ̀ nínú àdúgbò wa ń pọ́n tàbí kó níyọ̀, èyí tó níyọ̀ á sì jó ewé. Omi òjò ló dára jù: ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páánù, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sí i. Ẹ dé dúrọ́ọ̀mù náà, nítorí inú omi tó dúró jẹ́ẹ́ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa bomi sí, kì í ṣe orí ewé.

Ta ni yóò bomi rin ín lọ́jọ́ Àìkú?

Ìbéèrè yìí ló ń tú oko àdúgbò ká ju kòkòrò lọ. Àwọn àgbà á rántí Operation Feed the Nation tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ lọ́dún 1976, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé. Ní 1980, Green Revolution ti ìjọba Shagari ti gba ipò rẹ̀. Lójú tiwa, oko tó bá jẹ́ pé ìkéde rédíò ló gbé e dúró kì í pẹ́ ṣubú.

Ẹ wo ti oko Songhai ní Porto-Novo tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́. Àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1985 lórí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan. Ìgbẹ́ ẹran di ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná, pàǹtí di ìdin tí ẹja ń jẹ. Àwọn Urhobo tó wà láàárín wa lè mọ irú rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amukpe, nítòsí Sapele. Àwọn èèyàn Songhai mọ iṣẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ń sọ nǹkan nù. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ilé yín náà lè di ajílẹ̀.

Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má láàlà. Ẹ kọ orúkọ sára àpò. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ilé, tí aboyún àti arúgbó á máa já níbẹ̀ láìtọrọ. Ẹ ṣe àáró: ìdílé kan lónìí, òmíràn lọ́la, kí orúkọ ẹni tó kàn wà lára ògiri. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lándílọ́ọ̀dù sórí ìwé kí ẹ tó ra ilẹ̀ inú àpò, kó má di pé ẹ̀fọ́ yọ tán kí wọ́n ní ẹ palẹ̀ mọ́. Kí olúkúlùkù sì mú ewé ìlú rẹ̀ wá. Ewúro, úgù, èfìnrìn, gbúre, amúnútutù, zogale (moringa): kò sí àdúgbò tó lè kó wọn jọ tó Ajégúnlẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀ ló yára jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún ẹ ti ń jẹ ẹ́. Gbúre, ewúro àti amúnútutù, igi wọn nìkan lẹ ó gé rì mọ́lẹ̀.

Kòkòrò, àti fífọ ẹ̀fọ́

Ẹ má fi oògùn apakòkòrò bíi Sniper tàbí ọ̀tapíàpíà kan ohun jíjẹ. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa àwọn ìgò Sniper kéékèèké lọ́jà, àmọ́ a ṣì ń gbọ́ pé àwọn kan ń fọ́n ọn sí ẹ̀wà. Eérú, tàbí omi tí a gún ewé dóńgóyárò sí, ti tó fún kòkòrò ara ẹ̀fọ́. Èyí tí kò bá lọ, ẹ fọwọ́ mú un.

Ẹ má ri ìdì lẹ́yìn ìdì bọ inú bàsíà kan náà títí omi á fi dà bí tíì. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Iyọ̀ nìkan kì í pa kòkòrò àrùn. Iná ló ń pa á. Kí àwọn ọmọ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tí wọ́n bá kúrò nídìí àpò.

Ọmọ tí inú ń run lemọ́lemọ́, tí ojú rẹ̀ ń funfun, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ń rẹ̀yìn, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, tàbí General Hospital Ajérọ̀mí tàbí ti Àpápá. Bí àwọn tó ń tú bátìrì bá wà nítòsí ilé yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Òjò àkọ́rọ̀ ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìdílé márùn-ún àti àpò mẹ́wàá ti tó. Ẹ lọ bá lándílọ́ọ̀dù àti CDA yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.