Ṣé gbogbo "think" ni "ronú"? Bí a ṣe ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ìrònú láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Yewa, ì báà jẹ́ ní Ìlaròó, ní Ayétòrò tàbí ní Tube lọ́nà ààlà, kọ ọ́ sínú ìwé èsì ọmọ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ náà "thinks deeply". Oríyìn ni olùkọ́ fẹ́ fún un. Ọmọ délé, ìyá àgbà ní kó túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ.

"Ìyá àgbà, wọ́n ní mo máa ń ronú."

Àyà ìyá àgbà já. "Kí ló dé, ọmọ mi? Kí ló ń dùn ọ́ lọ́kàn?"

Ọmọ kò parọ́, ìyá àgbà náà kò sì ṣì í gbọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bí a bá ní ẹnìkan "ń ronú", ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé nǹkan ń dà á láàmú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé, "Má ronú mọ́." A kò sọ pé kó má lo ọpọlọ mọ́ o, ìbànújẹ́ ni a ní kó fi sílẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìrònú kankan, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé: kí ni ìrònú náà ń ṣe?

1. RÒ àti RONÚ ("think"). "Rò" ni ìpìlẹ̀. "Ro" àti "inú" ni a pa pọ̀ tó di "ronú". Ẹ kíyè sí ohùn rẹ̀: a ń sọ pé "rò ó", ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ yóò di ohùn àárín: "ro ọ̀rọ̀ náà".

2. RÒ WÒ àti GBÉ YẸ̀WÒ ("consider", "ponder"). Inú èdè Látìn ni "ponder" ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kí a fi nǹkan sórí ìwọ̀n. Yorùbá ní tirẹ̀ ń fi ojú inú wò ó. Bí àpẹẹrẹ, bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká rò ó wò ná." Ẹni tí kò bá rò ó wò, adùn ojú ẹsẹ̀ ni yóò máa lé. Àwọn àgbà ní: Bí a bá wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun.

3. RONÚ JINLẸ̀ ("think deeply", "reflect"). Àròjinlẹ̀ ni orúkọ irú ìrònú yìí, iyì sì ni fún ẹni tó bá ní in. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwà ara ẹni ni ènìyàn ń "reflect" lé lórí, "yẹ ara ẹni wò" ló bá a mu jù.

4. ṢÀṢÀRÒ ("meditate"). Àwọn tó ń ka Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí tó sì jáde lódindi ní 1884, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ó wà nínú Orin Dáfídì kìíní. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi àmì rẹ̀ ṣeré: àṣàrò ni à ń ṣe lọ́kàn, àsáró ni à ń fi iṣu sè.

5. WÒYE ("contemplate"). Èyí ni kí a fara balẹ̀ wo nǹkan títí òye rẹ̀ yóò fi yé wa. Ẹ wo akọrin ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àṣà tí a mọ̀ dáadáa ní Yewa àti Kétu, tí àjọ UNESCO sì fi sínú àkójọ àṣà àjogúnbá ẹ̀dá ní 2008. Akọrin náà ní láti wòye ìwà ará ìlú kó tó lè fi orin bá wọn wí lóru ẹ̀fẹ̀.

6. ÀRÒKÀN ("brood"). Ibí ni ìbẹ̀rù ìyá àgbà wà. Ẹni tó ń ro àròkàn kò wá ojútùú. Ọgbẹ́ kan náà ló ń tún fọwọ́ kàn. Òwe sọ pé: Àròkàn ní í mú ẹkún àsunùndábọ̀ wá. "Ruminate" súnmọ́ ọn nígbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ni, bóyá ohun tó ń jẹ lẹ́ẹ̀kejì dára tàbí kò dára.

7. JÍRÒRÒ ("deliberate"). Ìrònú ẹni púpọ̀ ni èyí. Bí àwọn ènìyàn bá pé jọ láti rò, a ó ní wọ́n ṣe àpérò.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ká ní ó sọ pé, "Ìyá àgbà, wọ́n ní mo máa ń fara balẹ̀ ro nǹkan jinlẹ̀ kí n tó dáhùn," ẹ̀rín àti àdúrà ni ìyá àgbà ì bá fi dá a lóhùn.

Síbẹ̀, ìbéèrè ìyá àgbà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ọmọ tó dákẹ́ sí igun kíláàsì lè máa ronú jinlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àròkàn ló ń rò. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn. Olùkọ́, kí o tó kọ oríyìn sínú ìwé, pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí o bi í léèrè. Òbí, ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

ÌDÁNRAWÒ: Túmọ̀ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí láìlo "ronú" nìkan.
(a) Consider the price before you buy.
(b) She is brooding over her loss.
(d) The elders deliberated until evening.