Afárá Tí A Kọ́ Lẹ́ẹ̀mẹrin

Ní ilẹ̀ Wales, tí ó bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààlà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, odò kan wà tí à ń pè ní Taff. Láti orí òkè ni ó ti ń ṣàn wá, nítorí náà kì í pẹ́ kún bí òjò bá rọ̀. Ní ọdún 1746 a gbé iṣẹ́ fún ọkùnrin kan, William Edwards, pé kí ó kọ́ afárá olókùúta sórí odò náà ní ibi tí à ń pè ní Pontypridd lónìí. £500 ni owó iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ní láti ṣe onígbọ̀wọ́ pé afárá náà yóò dúró fún ọdún 7.

Ọdún 1719 ni a bí Edwards. Àgbẹ̀ ni, ó sì ń wàásù pẹ̀lú ní ìletò Groeswen. Kò kọ́ iṣẹ́ ọ̀mọlé lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Ọgbà òkúta tí ó yí oko ká, èyí tí a tò láìfi amọ̀ sí i, ni ó ń tún ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. A sì máa lọ wo ògbólógbòó odi Caerphilly, láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ti gbẹ́ òkúta tiwọn.

Afárá rẹ̀ kìn-ín-ní ní òpó láàárín omi. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò lò ju nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó ti rí pàǹtí tí ó há mọ́ ẹsẹ̀ afárá onígi wa lásìkò òjò yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: igi wíwó àti koríko gbígbẹ dí àárín àwọn òpó, omi ga sókè lẹ́yìn wọn, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Edwards wá pinnu pé òun kì yóò ri òpó sínú omi mọ́. Ọrun òkúta kan ṣoṣo ni yóò ti bèbè kan dé èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 140. Òkúta inú irú ọrun bẹ́ẹ̀ fẹ̀ lórí, ó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀. Bí ìwúwo ti ń tẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún ara wọn mọ́ra, títí ìwúwo náà yóò fi dé ilẹ̀ ní bèbè méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí òkúta àárín tó bọ́ sí àyè rẹ̀, igi tí a tò sísàlẹ̀ ni ó ń gbé gbogbo wọn ró. Omi gbé igi náà lọ kí iṣẹ́ tó parí, afárá kejì sì wó.

Ẹ̀kẹta parí, omi kò sì fi ọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ ó wó! Òkúta tí ó kó sí èjìká afárá náà níhà méjèèjì wúwo púpọ̀, àárín rẹ̀ sì fúyẹ́. Ẹ mú pàṣán tútù kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí orí rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ níhà méjèèjì: àárín yóò gbé sókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àárín afárá náà ṣe tí àwọn òkúta rẹ̀ fi yọ kúrò ní àyè wọn.

Ẹlòmíràn ìbá fi òkúta kún un. Edwards dín in kù. Nígbà tí ó kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dá ihò róbótó mẹ́ta sí èjìká kọ̀ọ̀kan: ti ìsàlẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 9, èyí tí ó tẹ̀ lé e 6, ti òkè 3. Ìwúwo èjìká sì bá ti àárín dọ́gba. Ní ọdún 1756 iṣẹ́ parí, kò sì sí afárá ọlọ́run kan ṣoṣo mìíràn ní ilẹ̀ Britain nígbà náà tí ó gùn tó o.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ga lórí bí òkè. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní láti fi ẹ̀wọ̀n fa ohun wúwo lẹ́yìn, kí ó má baà sáré lu ẹṣin tí ń fà á. Nítorí èyí ni a ṣe kọ́ afárá títẹ́jú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1857.

Edwards kọ́ afárá mìíràn lẹ́yìn èyí, ọ̀kan nínú wọn ni Dolauhirion, ní 1773, tí ó ní ihò kọ̀ọ̀kan ní èjìká méjèèjì. Ó kú ní 1789, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Afárá ti Pontypridd ṣì dúró. Àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ni ó ń gba orí rẹ̀ kọjá.