Àmì Kan, Ìtumọ̀ Méjì: Bí A Ṣe Ń Bomi Rin Ọ́kíìdì Onísálúbàtà Nínú Ilé

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni a mọ̀ mí mọ́. Bí ẹnu bá ya ẹnikẹ́ni pé ọ̀rọ̀ òdòdó inú ìkòkò ni mo gbé wá, kí onítọ̀hún ní sùúrù díẹ̀. Àmì wíwò àti ìtumọ̀ wíwádìí ni olórí iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀. Òdòdó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá nípa àmì. Òùngbẹ àti àmujù máa ń fi àmì kan náà hàn lára ewé rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yóò fi omi pa á níbi tí ó ti ń wá bí yóò ṣe fi omi gbà á là.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í bá omi ṣọ̀tá. Àwọn náà ni wọ́n sì wí pé àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni èyí: báwo ni ẹni tí ó ní òdòdó yìí nínú ilé yóò ṣe mọ ibi tí òwe èkíní parí sí, tí òwe kejì sì ti bẹ̀rẹ̀?

2. Orúkọ rẹ̀ àti ilé rẹ̀

Ẹbí ńlá ni ẹbí ọ́kíìdì. Nínú ẹbí yìí ni a ti rí àwọn kan tí ọ̀kan nínú ewé òdòdó wọn ká, tí ó sì dà bí imú sálúbàtà. Kòkòrò tí ó bá já sínú rẹ̀ kì í lè gba ojú ibi tí ó gbà wọlé jáde. Ọ̀nà tóóró kan ní ẹ̀yìn ni yóò fún ara rẹ̀ gbà, ibẹ̀ ni yóò sì ti ru ìyẹ̀fun òdòdó náà lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ní ọdún 1886, Ernst Pfitzer, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, sọ wọ́n ní Paphiopedilum. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti fa orúkọ náà yọ: Paphos ni ìlú tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà ìfẹ́ ní erékùṣù Kípírù láyé àtijọ́, pedilon sì ni sálúbàtà.

Ilé wọn bẹ̀rẹ̀ láti Íńdíà àti gúúsù Ṣáínà, ó gba Vietnam, Thailand, Malaysia àti Indonesia kọjá, títí dé New Guinea àti àwọn erékùṣù Solomon. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń lalẹ̀ hù ní Áfíríkà. Wọ́n ní ìbátan kan ní Amẹ́ríkà Gúúsù àti Àárín-gbùngbùn Amẹ́ríkà, èyí tí à ń pè ní Phragmipedium. Ọ̀pọ̀ nínú ìbátan yìí ń gbé ní etí omi tí ń ṣàn, àwọn tí ń sìn wọ́n a sì máa gbé ìkòkò wọn sínú àwo tí omi díẹ̀ wà. Kí á má ṣe fi ti ẹ̀gbọ́n ṣe ti àbúrò. Paphiopedilum ni mò ń sọ.

3. Ohun tí gbòǹgbò ń fẹ́

Òdòdó yìí kì í ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀ bí àgbàdo. Orí ewé gbígbẹ tí ó ń jẹrà nínú igbó ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, tàbí inú ihò àpáta, pàápàá irú òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Àwọn mìíràn sì wà ní orí ẹ̀ka igi. Òjò ń rọ̀ sí wọn léraléra, ṣùgbọ́n bí ó ti ń rọ̀ ni ó ń ṣàn lọ. Gbòǹgbò wọn a tutù, atẹ́gùn a sì máa fẹ́ sí i.

Bí a bá gé gbòǹgbò náà wò, a ó rí i pé ohun kan bí kànrìnkàn ni ó bò ó yípo. Òun ni ó ń fa omi kíákíá kí omi náà tó ṣàn kọjá. Ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì mìíràn ni igi ara wọn wú bí iṣu kékeré, tí wọ́n ń tọ́jú omi pa mọ́ síbẹ̀ de ọjọ́ ọ̀dá. Onísálúbàtà kò ní irú àká bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ohun méjì ni ó ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà: kò fẹ́ kí gbòǹgbò òun gbẹ pátápátá, kò sì fẹ́ kí omi dá dúró tì í. Ìdí nìyí tí a kì í fi gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀. Èèpo igi tí a gé wẹ́wẹ́, tí a fi èédú díẹ̀ sí, nínú ìkòkò tí ó ní ihò nídìí, ni ó yẹ ẹ́.

4. Àmì kan, ìtumọ̀ méjì

Bí ewé rẹ̀ bá rọ̀, tí ó sì hunjọ, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn olówó rẹ̀ ni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá kún gbogbo àlàfo àárín èèpo igi, atẹ́gùn kò ní rí àyè mọ́; gbòǹgbò tí kò rí atẹ́gùn yóò jẹrà; gbòǹgbò tí ó jẹrà kò sì lè fa omi. Báyìí ni ewé yóò ṣe máa rọ nítorí àìrí omi mu, nígbà tí ìdí rẹ̀ wà nínú omi. Bí olówó rẹ̀ bá tún bu omi lé e, ó ti bá ikú ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tí à ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́ ni pé kí ó má ṣe túmọ̀ ìlà kan láìwo ohun tí ó yí i ká. Ewé ni ìlà. Ìkòkò àti gbòǹgbò ni ohun tí ó yí i ká. Èkíní, kí á gbé ìkòkò náà sókè kété tí a bá bomi rin ín tán, kí á mọ bí ó ti wúwo tó. Kí á tún máa gbé e wò lẹ́yìn náà. Ọwọ́ kì í pẹ́ kọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. Èkejì, kí á ti ìka bọ inú èèpo igi. Bí ìkòkò bá ti ń fúyẹ́, tí inú rẹ̀ sì ku ọ̀rinrin díẹ̀, àkókò tó láti bu omi. Bí ìkòkò bá wúwo tí ewé sì rọ̀, kí á yọ òdòdó náà jáde. Gbòǹgbò tí ó yè a máa le, a sì máa ní irun wínníwínní lára. Èyí tí ó ti jẹrà a máa rọ̀, èèpo rẹ̀ a sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, yóò ku okùn tín-ín-rín. Kí á gé èyí tí ó jẹrà dànù, kí á tún un gbìn sínú èèpo igi tuntun àti ìkòkò tí ó kéré, kí á sì gbé e sí ibòji níbi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rinrin, títí gbòǹgbò tuntun yóò fi yọ.

5. Ìgbà, ọ̀nà àti irú omi

Bí ẹnìkan bá bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni kí òun bomi rin ín lọ́sẹ̀, n kò ní dá iye kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ó sábà máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin sí méje. Ṣùgbọ́n ìkòkò amọ̀ ń tètè gbẹ ju ike lọ, ọyẹ́ ń fa omi gbẹ ju ìgbà òjò lọ, èèpo igi tí ó ti gbó sì ń gbá omi mú ju tuntun lọ. Ìyẹn ni a fi ń pààrọ̀ èèpo igi náà ní ọdún kan sí méjì: omi tí ó tó ó lánàá lè di àpọ̀jù lọ́la, láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹni yí padà.

Òwúrọ̀ ni kí á bu omi. Kí á dà á sí orí èèpo igi títí yóò fi máa jáde ní ihò ìdí ìkòkò, kí á jẹ́ kí ó ro dáadáa, kí á sì da èyí tí ó kù nínú àwo nù. Bí omi bá kán sí àárín ewé, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, kí á fi aṣọ nù ún, nítorí omi tí ó bá sùn síbẹ̀ mọ́jú lè fa ìjẹrà tí yóò pa á.

Omi òjò ni ó dára jù, bí a bá ti jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé kí á tó gbé agbada sí i. Omi ẹ̀rọ ìlú London, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé, ní èròjà òkúta nínú; òun ni ó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù ní funfun. Bí omi bá gbẹ tán nínú ìkòkò, irú èròjà bẹ́ẹ̀ àti iyọ̀ inú ajílẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọn a máa jó ẹnu gbòǹgbò, orí ewé a sì di pupa rúsúrúsú. Nítorí náà, kí á máa po ajílẹ̀ kí ó ṣàn gidigidi, kí á sì máa fi omi lásán fọ inú ìkòkò náà lóṣooṣù.

6. Ohun tí ó ń bẹ lẹ́yìn ìkòkò

Ẹnìkan lè ní òdòdó lásán ni, bí ó bá kú kí á ra òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe ọ̀kan tí wọ́n rí ní Vietnam, tí wọ́n sọ ní Paphiopedilum vietnamense. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí àwọn olùwá òdòdó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hú u tán nínú igbó. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni àdéhùn CITES, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1973, ti fi gbogbo ìran Paphiopedilum sí ìpele tí ó le jù: kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kó èyí tí a hú nínú igbó lọ tà láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì.

Àwọn tí a mú jáde nínú ọgbà wà, kì í sì í ṣe òní. Ní ọdún 1869 ni ilé iṣẹ́ Veitch ní Gẹ̀ẹ́sì mú ọmọ àkọ́kọ́ jáde láti ara ìran méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó béèrè ibi tí wọ́n ti gbìn ín; àwọn tí ewé wọn ní àwọ̀ àlàpà aláwẹ̀ẹ́, bí irú Maudiae, ni ó tètè ń bá ilé tí ó móoru mu.

7. Ìgúnlẹ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé omi kò ṣe ọ̀tá òdòdó yìí, bẹ́ẹ̀ ni àìmọ ìwọ̀n ni ó ń pa á. Ewé nìkan kò tó láti dájọ́. Kí á kọ́kọ́ gbé ìkòkò, kí á fi ìka wádìí, kí á wo gbòǹgbò bí ó bá di dandan, kí á tó na ọwọ́ sí ife omi.