Ṣájà Fóònù àti Òfin Ààbò: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùrà Mọ̀

Ó ṣòro nísinsìnyí láti wọ ilé kan tí iná mànàmáná dé ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Òǹdó, kí a má rí ṣájà kan tàbí méjì lára ògiri rẹ̀. Òun ni a fi ń gba iná sí fóònù, sí kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́, sí fìtílà alábátìrì àti sí ẹ̀rọ tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń gẹ irun. Ohun kékeré ni, a sì ń rà á lórí àtẹ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tàbí ní àdúgbò Yábà ní Òǹdó, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ń ra ìṣáná. Ṣùgbọ́n òfin wà lórí rẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn sì wà nínú pípa òfin náà mọ́. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn òǹkàwé wa.

IṢẸ́ TÍ ṢÁJÀ Ń ṢE

Iná tí ó ń wọ ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230 fólítì. Agbára yìí tó láti pa ènìyàn. Fóònù kò lè gbà á rárá. 5 fólítì ni ìwọ̀n tí a mọ̀ jù fún un, ti kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ sì jẹ́ nǹkan bí 20. Ṣájà ni oníbodè tí ó dúró láàrin méjèèjì. Nínú rẹ̀ ni a ti ká wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọ̀nà méjì. Ìká kìn-ín-ní ń gba agbára ńlá láti ara ògiri, ìká kejì ń fi agbára kékeré ránṣẹ́ sí fóònù. Àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn; nípa agbára òòfà ni iná fi ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan kọjá sí èkejì.

Àlàfo àti ìbòrí tí ó wà láàrin wọn ni odi tí ó ń dáàbò bò wá. Ẹni tí ó bá ṣe ṣájà dáradára yóò bo wáyà náà ní ìpele-ìpele, yóò sì fi àlàfo mìlímítà mélòó kan sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe ayédèrú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa dín ìbòrí kù, a sì máa fún àlàfo pọ̀ kí owó rẹ̀ má baà pọ̀. Ní ọjọ́ tí ooru tàbí ọ̀rinrin bá wó odi náà, 230 fólítì lè gba inú okùn ṣájà wá sí ọwọ́ ẹni tí ó di fóònù mú, tàbí sí ẹnu ọmọdé tí ó ń la orí okùn náà.

Kì í ṣe ìtàn lásán ni a ń sọ. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò UL ní Amẹ́ríkà yẹ 400 ṣájà wò, tí a fi ayédèrú orúkọ Apple tà. Mẹ́ta péré ni ó yege gbogbo àyẹ̀wò náà. Méjìlá nínú wọn burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè pa ẹni tí ó bá lò wọ́n.

ÒFIN TÍ Ó WÀ LÓRÍ RẸ̀

Àjọ tí ìjọba àpapọ̀ yàn láti máa ṣe ìlànà ìdára ọjà ní Nàìjíríà ni SON. Òfin tí ó dá a sílẹ̀ jáde ní ọdún 1971, òmíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní 2015. Láti ọdún 2005 ni àjọ yìí ti ń lo ètò tí a ń pè ní SONCAP. Gẹ́gẹ́ bí ètò náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlú tí a ti ṣe é, kí ó sì gba ìwé-ẹ̀rí kí ó tó kó o sínú ọkọ̀. Èyí tí a bá ṣe ní ilé wa níhìn-ín ní ètò tirẹ̀, tí a ń pè ní MANCAP.

Òfin dára, ṣùgbọ́n ọjà tí a gba ẹ̀yìn wọlé kì í gbé ìwé-ẹ̀rí dání. Nígbà tí ó bá dé orí àtẹ, olùrà ni ó kù tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí olùrà ní ìmọ̀.

Ọ̀RỌ̀ IHÒ MẸ́TA

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń lò ní ilé wa ní ihò mẹ́ta onígun mẹ́rin, irú èyí tí a kọ ìlànà rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní ọdún 1947. Ẹsẹ̀ tí ó gùn jù lára púlọ́ọ̀gì ni ó ń wọ ihò òkè, òun ni ó sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tí ó bo ihò méjì ìsàlẹ̀. Nítorí àwọn ọmọdé tí wọ́n lè ti ìṣó bọ ibẹ̀ ni a ṣe fi ìlẹ̀kùn náà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa ra ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ roboto méjì, wọn a sì fi igi tàbí bírò ti ihò òkè kí ó lè ráyè wọlé. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Ẹsẹ̀ roboto kò bá ihò onígun mẹ́rin mu. A máa mì, a sì máa ta pàrà. Ibi tí ó ti ń ta pàrà ni ooru ti ń wá; ike a yọ́, iná a sì sọ. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ irú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ ni kò ní fíúsì tí ì bá gé iná náà kí ó tó di jàǹbá.

OHUN TÍ OLÙRÀ YÓÒ WÒ

1. Kí ó wo ara ṣájà bóyá orúkọ ẹni tí ó ṣe é wà níbẹ̀, àti ìwọ̀n iná tí ó ń gbà àti èyí tí ó ń fún ni. Níbi tí a kọ INPUT sí, ó gbọ́dọ̀ kan 230 fólítì; 100–240V ni a sábà máa ń kọ. Bí kò bá sí ìkọ̀wé rárá, kí ó fi í sílẹ̀.

2. Kí ó wá àmì àpótí kékeré tí ó wà nínú àpótí ńlá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìbòrí méjì ni a fi dáàbò bo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ayédèrú lè jí àmì yìí lò, nítorí náà kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan.

3. Bí ó bá ń ra èyí tí yóò fi rọ́pò ti àtijọ́, kí fólítì wọn bára mu gan-an. Ní ti áḿpíà, kí ti tuntun tó ti àtijọ́ tàbí kí ó jù ú lọ.

4. Kí ó gba rìsíìtì. Bí ọjà náà bá ní àbùkù, rìsíìtì ni ẹ̀rí tí yóò mú lọ sí ọ̀dọ̀ SON, tàbí sí ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ tí ó ń gbèjà àwọn olùrà.

5. Ṣájà tí ó bá gbóná jù, tí ó ń kùn, tí ó ń rùn tàbí tí okùn rẹ̀ ti bó, kí ó yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó NÍLÉ

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó fi iná sórí òrùlé kì í sùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fóònù tí ó ń gba iná sí abẹ́ ìrọ̀rí tàbí sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri, nítorí nígbà mìíràn agbára rẹ̀ a máa ga ju bí ó ti yẹ lọ nígbà tí ó bá padà dé.

Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ pa iná ní súwíìṣì. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò lára wáyà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Owó tí ó fi ṣájà gidi ju ayédèrú lọ kò tó owó ilé kan tí ó jó, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi wé ẹ̀mí ọmọ kan. A rọ ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé kà, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sí etí àwọn ará ilé yín tí wọn kò lè kà á.