Pàǹtí olóró tó ti lú pọ̀ mọ́ra: ìdí tí Yewa fi nílò alájọṣe ìwádìí

Bí ásíìdì bátìrì bá kan bíliìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, afẹ́fẹ́ olóró tó lè pa èèyàn ló máa jáde. Ẹ má dán an wò o! Ọ̀tọ̀ ni wàhálà ásíìdì, ọ̀tọ̀ ni ti bíliìṣì, àmọ́ tí méjèèjì bá pàdé, wọ́n á bí wàhálà kẹta. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo àwa tí à ń gbé láti Ìlaròó dé Ayétòrò, títí dé ẹnu ibodè Ìdí-Ìrókò.

Ojú ọ̀nà tòkúnbọ̀ ni agbègbè wa. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé fàyàwọ́ ò kú. Ìwádìí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé ní 2015 àti 2016, nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù irinṣẹ́ oníná tòkúnbọ̀ ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dọọdún. Èbúté Èkó nìkan nìyẹn o, wọn ò ka ti ibodè wa mọ́ ọn.

Tí ẹrù yìí bá kú, àwọn tó ń ké "kóńdẹ́ẹ̀mù irin" á rà á. Wọ́n á yọ irin àti bàbà, wọ́n á da ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tàbí kí wọ́n sun ún. Nínú òkìtì kan ṣoṣo, ẹ lè bá òjé látinú bátìrì, mákíúrì látinú gílóòbù tẹlifíṣọ̀n, ásíìdì, ọ́ìlì dúdú àti rọ́bà wáyà. Òjé yìí máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí oògùn tó lè dá ohun tó ti bà jẹ́ padà.

Kí ló dé tí ọgbọ́n kan ò tó?

Ẹ jẹ́ ká wo iná. Iná tó gbóná gan-an lè run ọ́ìlì àti ọ̀pọ̀ kẹ́míkà. Ààrò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, irú èyí tó wà ní Ìbẹṣẹ̀ lẹ́bàá wa níbí, máa ń mú òkúta gbóná dé nǹkan bíi 1,450°C, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì ń sun pàǹtí olóró nínú irú ààrò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iná kì í run òjé. Mákíúrì ní tiẹ̀ á di oruku, á bá èéfín lọ.

Ká wá fi sìmẹ́ǹtì di òjé mọ́lẹ̀ kí òjò má bàa wẹ̀ ẹ́ lọ sínú kànga ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, àmọ́ tí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, sìmẹ́ǹtì ò ní gan dáadáa. Ká fi láìmù pa ásíìdì ńkọ́? Ìyẹn náà dáa, ṣùgbọ́n tí láìmù bá pọ̀ jù, òjé tó ti fìdí kalẹ̀ á tún yòrò sínú omi.

Ẹ ti rí i báyìí pé ohun tó ń wo ọ̀kan sàn ló ń da èkejì rú.

Ẹ̀kọ́ Kòkó

A ti rí irú èyí rí ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1988, wọ́n bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúróòmù pàǹtí olóró láti Ítálì nínú àgbàlá kan ní Kòkó, ní ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ Delta báyìí. Nǹkan bíi 100 dọ́là lóṣù ni wọ́n fi háyà ilẹ̀ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló ta wá lólobó. Wọ́n kó o padà, àmọ́ orílẹ̀-èdè bíi Bìrìtìkó, Faransé àti Sípéènì ò jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi Karin B tó gbé lára rẹ̀ gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Ta ló fẹ́ gba ẹrù tí onírúurú májèlé ti dàpọ̀ sínú rẹ̀?

Ta ló lè bá wa ṣe é?

Oníròyìn ni mí, mi ò kí ń ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àmọ́ mo lè ka orúkọ àwọn tó yẹ kó jókòó pọ̀. Poli ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìlaròó, wọ́n sì ní àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò àti iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ayétòrò, àwọn ló mọ ilẹ̀ àti irè oko. Ibùdó àdéhùn Basel fún ilẹ̀ Áfíríkà wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. NESREA ló ń mójú tó òfin. Yunifásítì Abomey-Calavi wà ní òdìkejì ibodè, omi abẹ́ ilẹ̀ ò sì mọ ibodè. Ẹ má sì gbàgbé àwọn kóńdẹ́ẹ̀mù, torí àwọn ló mọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan ti wá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Àyẹ̀wò ni: kí ló wà nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan, mélòó sì ni? Ẹni tí ò mọ ohun tó ń wò ò lè wò ó sàn.

Ẹ ṣọ́ra o: alájọṣe tó bá ní òun fẹ́ kó pàǹtí tiẹ̀ wá fún "ìwádìí", kì í ṣe alájọṣe. Àdéhùn Bamako ti 1991 fòfin de kíkó pàǹtí olóró wọ ilẹ̀ Áfíríkà, òfin Nàìjíríà tó jáde lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Kòkó sì ní ẹ̀wọ̀n gbére nínú.

Kí wọ́n tó dé, ohun kan wà tí a lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ má pò ó pọ̀. Ẹ̀wà àti àgbàdo ló ń di àdàlú tó dùn. Bátìrì lọ́tọ̀, gílóòbù lọ́tọ̀, ọ́ìlì lọ́tọ̀, ẹ má sì sun wáyà rárá.

Òkìtì wo ló wà ní àdúgbò tiyín? Ẹ sọ fún mi.