Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Tìróò ojú ìkókó

Lọ́dún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé ti wọ ara ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń lé sí i lójú. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 tó jẹ́ òjé.

Òkúta dúdú dídán tí wọ́n sábà ń lọ̀ ṣe tìróò, òjé ló kún inú rẹ̀. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á ti ọwọ́ náà bọ ẹnu. Ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni òjé ń bà jẹ́, bó ti wù kó kéré mọ, ó sì lè má hàn lára ọmọ rárá.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni àwọn ìyá àgbà fi ń lé e, kí ojú ọmọ lè dára. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e fún ìkókó mọ́. Bí ẹ bá ti ń lé e fọ́mọ tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé.